Híítà Ẹnjiníà

Bí ẹ ṣe ń fọkàn rò ó nípa ọkùnrin tí gbogbo ẹbí ìyàwó rẹ̀ ń pè ní Ẹnjiníà náà ló rí: kì í ṣe ẹnjiníà. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Oyè yẹn bá a lójijì nígbà tó ṣì ń fẹ́ ìyàwó rẹ̀ sọ́nà, lọ́jọ́ tí rédíò ìyá ìyàwó dákẹ́ tí kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbà á, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yí bátìrì tó kọrí sódì padà, rédíò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn. Ìyá ní ẹnjiníà lọmọ òun mú wálé yìí. Ó yẹ kí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kó sì sọ pé bátìrì lásán ni. Kò sọ ọ́. Ó rọra nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀ ojú irin, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan rédíò náà mọ́.

Láti ìgbà náà, kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ẹbí tí wọn kì í fi lọ̀ ọ́. Èyí tó bá ṣe tó dára, wọ́n á gbọ́ ìtàn rẹ̀ títí á fi sú wọn. Èyí tó bá ṣe tó sì kú pátápátá, á ní àwọn tó ṣe é níbẹ̀rẹ̀ ni kò mọ iṣẹ́.

Ní àsìkò òtútù kan ní ìlú tí wọ́n ń gbé, níbi tí yìnyín ti máa ń bọ́, Ìyá wà nílé wọn. Àyà ló ń dùn ún tó fi wá gba ìtọ́jú, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Ó kù kó lọ sinmi lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ kejì, tí òun àti ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ń gbé ní ìlú míì. Dókítà ti kìlọ̀ gidi pé òtútù ò gbọdọ̀ kan àyà ìyá àgbà náà lójú ọ̀nà. Ni télọ̀ bá pè lórí fóònù, ó ní òun á wá gbé Màmá, pé mọ́tò òun kéré lóòótọ́, àmọ́ híítà tó ń fẹ́ ooru sínú rẹ̀ dà bí ààrò. Ẹnjiníà gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí télọ̀ máa rán aṣọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, pé nígbà tí mọ́tò òun wà nílẹ̀, ta ló fẹ́ di Màmá sínú páálí?

Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ tán ló tó rántí pé híítà mọ́tò òun ò gbóná. Atẹ́gùn ń jáde o, kódà ó ń fẹ́ bí ìjì, àmọ́ bó ṣe tutù níta náà ló ṣe ń tutù bọ̀ wọlé.

Ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù tó ti rà sílẹ̀ de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí ojú ibi tí wọ́n ti ká a ní ṣọ́ọ̀bù ṣì hàn lára rẹ̀, ó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ó yẹ omi rédíétọ̀ wò: omi kún. Ó yẹ fíúsì wò: kò sí èyí tó jó. Ó ra tẹmosítáàtì tuntun, ìyẹn ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì títí á fi gbóná, ó yọ ti àtijọ́, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gbóná bó ṣe yẹ. Inú mọ́tò ò gbóná. Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì méjì tó ń gbé omi gbígbóná wọnú híítà tó sì ń gbé e jáde. Èyí tó ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o lọ́wọ́. Èyí tó ń jáde tutù bí imú ajá.

Ibẹ̀ ni Ẹnjiníà dúró sí. Omi ń wọlé, kò rọ́nà kọjá. Híítà ti dí. Ohun tó dí i kò sì ṣàjèjì sí i. Nígbà tí rédíétọ̀ ń jò lásìkò òjò, òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra ìyẹ̀fun inú agolo kan tí wọ́n ní ó máa ń dí ojú ibi tó bá ń jò. Wọ́n kọ ọ́ sára agolo pé kí wọ́n da ìdajì rẹ̀ sí i. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í lọ́jọ́ náà, ó tiẹ̀ ka ara agolo sókè fún un. Ẹnjiníà ní ìdajì wà fún àwọn tí ẹ̀rù ń bà, ló bá da gbogbo rẹ̀ sínú rédíétọ̀. Ìyẹ̀fun ọ̀hún ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ó dí ibi tó ń jò, ó rìn síwájú, ó dí híítà náà mọ́ ọn.

Ojú tì í níbi tí kò sí ẹnì kankan. Etí rẹ̀ méjèèjì gbóná nínú òtútù yẹn débi pé ká ní wọ́n ṣeé so mọ́ họ́ọ̀sì ni, ìṣòro ì bá tán. Ohun tó yẹ kó ṣe ò ju kó wọlé lọ, kó ní, èmi ni mo bà á jẹ́, ẹ pe télọ̀ kó máa bọ̀. Ó tiẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà. Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn Ìyá láti inú ilé, tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó fọkàn balẹ̀, pé kí ni mọ́tò fẹ́ dà tí ọkọ òun ò ní rí i tún ṣe. Ó yí padà, ó lọ fa họ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà.

Ó tú họ́ọ̀sì híítà méjèèjì, ó ki ẹnu ti ọgbà bọ ọ̀kan, ó tan omi sí i. Omi pupa bí ẹrẹ̀ tú jáde, ó dà sí i ní bàtà, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó gbẹ́ kànga tó kan omi. Ó dá ohun gbogbo padà sáyè wọn, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì pe ìyàwó rẹ̀ síta. Ìyàwó gbé ọwọ́ síwájú ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde. Ó wo bàtà ọkọ rẹ̀ tó rin gbindin.

“Ó ń gbóná bọ̀.”

“Ṣé ó gbóná ni àbí kò gbóná?”

“Mo ní ó ń gbóná bọ̀, bàbá ilé. Ṣé kí n bó lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó gbà ni?”

Ẹnjiníà gba èyí bí ìwé ẹ̀rí. Agolo òfìfo yẹn ṣì wà ní búùtù. Ó tì í sábẹ́ táyà àpààrọ̀, kí ojú òun àti tirẹ̀ má baà tún ṣe mẹ́rin.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, yìnyín bo gíláàsì mọ́tò bí ẹni fọ́n iyọ̀ sí i. Ẹnjiníà ló kọ́kọ́ jáde. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ sí atẹ́gùn, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pẹ́ nínú ilé. Ẹnjiníà fọn fèrè mọ́tò, ó ń ráhùn pé obìnrin ò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Nígbà tí wọ́n máa jáde, Ìyá ti di ara rẹ̀ mọ́ inú búláńkẹ́ẹ̀tì kan tó nípọn, ó gbá ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Ẹnjiníà béèrè pé kí ni búláńkẹ́ẹ̀tì wà fún, àbí wọn ò gbọ́ pé híítà ti ṣe ni? Ìyá ní àgbà ti dé sí òun, kó jàre kó jẹ́ kí òun máa di ara òun kiri bí ọmọ tuntun. Ìyàwó ní ẹ̀yìn lòun máa jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi.

Kí wọ́n tó kúrò ládùúgbò, ọmọ ìka ẹsẹ̀ Ẹnjiníà ti kú. Kò sí ìgbà tó wo Ìyá nínú dígí tí ọkàn rẹ̀ kì í já. Ó ń retí ikọ́ bí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí kò kàwé ṣe ń retí èsì ìdánwò. Ó mú un dé ètè pé kí wọ́n padà, ó gbé e mì. Ó tún mú un dé ètè. Ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni:

“Màmá, ṣé ooru ń dé ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn?”

“Ó ń dé dáadáa, ọkọ mi. Àyà mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ọwọ́ rẹ ò ní rọ.”

Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ nínú dígí. Ìyàwó ń wo ìta.

Ara tu Ẹnjiníà bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ nílé ẹjọ́. Ó wá yé e wàyí: ẹ̀yìn ni ooru kọ́kọ́ ń lọ. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn pé bí wọ́n ṣe ṣe irú mọ́tò yìí nìyẹn, ó mọ àgbà yàtọ̀ sí awakọ̀. Kó má baà sí iyèméjì kankan, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wakọ̀ lọ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn, ó fi orin bò ó. Ìyàwó rẹ̀ ní kó wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ó ní ooru ń mú òun.

Télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó Ẹnjiníà tú búláńkẹ́ẹ̀tì lára Ìyá, ó ká a tìṣọ́ratìṣọ́ra sórí ìjókòó, ó sì di Ìyá mú sọ̀ kalẹ̀. Télọ̀ kí Màmá tán, ó bọ Ẹnjiníà lọ́wọ́, kò sì tètè fi ọwọ́ náà sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín mà tutù. Ẹ̀yin lẹ ní híítà ti ṣe?”

Kí Ẹnjiníà tó la ẹnu, Ìyá ti dá a lóhùn pé híítà wo ni kò ṣe, pé bí ẹni jókòó síwájú iná lòun ṣe bá a dé ìhín, kí wọ́n má fojú kéré ọkọ òun. Télọ̀ ní òun tọrọ gáfárà. Ó tiẹ̀ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé bó bá ráyè, kó bá òun wo mọ́tò tòun náà.

Nínú pálọ̀, níbi tí ooru gidi wà, Ẹnjiníà mu tíì, ó sì rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: omi rédíétọ̀, fíúsì, tẹmosítáàtì, họ́ọ̀sì tó gbóná àti èyí tó tutù. Agolo nìkan ni kò yà sí. Ó ní ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé wọn kì í fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n bá kọ. Ìyàwó rẹ̀ dìde, ó kó ife, ó gba ilé ìdáná lọ.

Ìyá ní báàgì oògùn òun ṣì wà nínú mọ́tò. Télọ̀ fẹ́ lọ mú un, Ẹnjiníà ní kó jókòó, mọ́tò òun ni. Ó jáde, ó ń mi fìlà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún.

Báàgì wà nílẹ̀ lẹ́yìn. Ó fa búláńkẹ́ẹ̀tì kó lè rí i mú, ohun kan sì yọ̀ jáde láàárín rẹ̀, ó bọ́ sórí ìjókòó. Rọ́bà tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí kó lè mú ara móoru ni, èyí tó máa ń kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ nílé tirẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ àwọ̀ ewé bò. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.