Kí Àwọn Lẹ́tà Lè Dúró Ṣánṣán

Àbúrò mi Hallbjörn kú lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí yìnyín ń bọ́ láìpariwo. Nílẹ̀ wa ní Ísland, erékùṣù olótùútù lápá àríwá ayé, bí èèyàn bá kú, gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ ló máa ń kọ̀wé nípa ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn, wọ́n á sì tẹ gbogbo ẹ̀ jáde lọ́jọ́ ìsìnkú pẹ̀lú àwòrán òkú lókè. Gbogbo ilé ló ń kà á nídìí kọfí. Wọ́n á ka ti ìyàwó, wọ́n á ka ti ọmọ, lẹ́yìn náà wọ́n á wá máa wá orúkọ ẹni tí kò kọ. Ẹni tí kò kọ yẹn ni wọ́n máa fi mu kọfí tó kù.

Èmi Steinvör, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ló dá a sílẹ̀. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ òkun tó ń yé sí erékùṣù ìyá wa, tí à ń kó ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú ìtẹ́ wọn tà, wọn ò fẹ́ ariwo nígbà tí wọ́n bá ń sàba. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ìbọ̀sẹ̀ òwú la máa ń wọ̀ fún àjẹ̀ kí omi má bàa dún. Hallbjörn wá gbé ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ kọjá níbẹ̀ lóṣù karùn-ún, ẹ́ńjìnnì ń dún gbì-gbì-gbì, ó ní òun ń dán an wò ni. Gbogbo ẹyẹ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹyin sì tutù. Mo pè é ní òǹrorò. Ó ní kí n lọ fẹ́ pẹ́pẹ́yẹ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dákẹ́ síra wa.

Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Òun wá kú.

Mo fẹ́ kọ tèmi. Kì í ṣe nítorí kọfí ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn tipẹ́tipẹ́, pé ojú ló ń tì mí láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú ni ìwé ìròyìn máa gbà á mọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á sin ín lọ́jọ́ Ẹtì láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan lọ́dọ̀ mi.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi. Ẹ gbà mí o! Ọdún kejì rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù mí, ọwọ́ ọ̀tún mi ń gbọ̀n, èmi pẹ̀lú ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Bó bá rẹ òun náà, á fi ìdí ọwọ́ sinmi lórí bọ́tìnì igun ìsàlẹ̀, lẹ́tà tí mo bá wá tẹ̀ kò ní jẹ́ lẹ́tà mọ́, á di àṣẹ. Ọ̀rọ̀ á ki, á dúdú kirikiri. Òmíràn á dẹ̀gbẹ́. Ìlà á ṣàdédé sá lọ sáàárín ojú ìwé. Ọwọ́ ọ̀tún á gbọ̀n kọjá lórí pátákó kékeré tó ń darí ọfà, gbólóhùn á gbéra níbi tó wà, á lọ jókòó sáàárín gbólóhùn ẹlòmíì. Mi ò pàṣẹ ìkankan nínú ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo jókòó sínú yàrá ìyẹ́, láàárín àwọn àpò. Lóṣù kìíní, aago mọ́kànlá ni ojúmọ́ máa ń rántí wa níbí; ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé dà bí omi aró. Mo kọ, mo kọ, títí mo fi ní ìlà méje, mẹ́rin dúró, mẹ́ta dùbúlẹ̀. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé mi.

Mo rí i tí àwọn lẹ́tà ń dìde lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n fúyẹ́, wọ́n ń fò kiri inú yàrá bí ìyẹ́ tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Ògiri kò sí mọ́, omi ló wà níbẹ̀. Hallbjörn ń tukọ̀ bọ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ìbọ̀sẹ̀ wà lórí àjẹ̀, omi kò dún rárá. Ó ń na ọwọ́ mú àwọn lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn sínú fìlà ẹ̀. Mo ní, "Tèmi nìyẹn o." Kò wojú mi. Ó ní, "Jókòó dáadáa, Steinvör, o ń gbọn ọkọ̀."

Nígbà tí mo jí, ọwọ́ mi méjèèjì ti sùn sórí bọ́tìnì. Ojú ìwé funfun báláú. Kò ku lẹ́tà kan.

Mo sunkún. Kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́? Mo sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́rú, Ásrún, ọmọbìnrin Hallbjörn, yà wá sọ́dọ̀ mi ní aago mẹ́wàá, yìnyín kún bàtà ẹ̀. Ojú ẹ̀ ti wú.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ọ́ kí n máa tẹ̀ ẹ́. Kíá la máa ṣe tán."

"Ọ̀rọ̀ tí mi ò lè sọ lójú bàbá ẹ fún ọdún mẹ́sàn-án, ìwọ ni kí n wá sọ ọ́ sí létí? Rárá o."

"Ẹ sọ ọ́ sí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Tòde òní máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀."

"Pẹ̀lú ẹnu mi tó wọ́ yìí? Mo dán an wò. Ìkọkúkọ ló ń kọ."

Ó mí kanlẹ̀. "Ìdílé alágídí! Ẹ̀yin méjèèjì, orí yín le ju òkúta etí òkun lọ." Ó gbọn yìnyín bàtà ẹ̀ dànù. "Àpótí tí bàbá mi ní kí n gbé fún yín lóṣù kẹta èṣí ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn àwọn àpò."

"Kí lẹ rí nínú ẹ̀?"

"Mi ò tú u. Mo ní tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá, kó má rán ẹrù sí mi."

"Áà! Àǹtí!" Ó jókòó wọ̀ọ̀ sórí àpò ìyẹ́. "Odidi ìgbà òtútù kan ló fi gbẹ́ nǹkan yẹn. Oṣooṣù ló ń bi mí pé, 'Ó ti tú u?'"

Ásrún fúnra ẹ̀ ló lọ fa àpótí náà jáde, ó sì fi ọ̀bẹ ya okùn ẹ̀.

Pátákó pẹlẹbẹ kan ló wà nínú ẹ̀, igi tí òkun gbé wá sí èbúté wa. Ó ń rùn bí epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Hallbjörn gbẹ́ ihò sí i lára, ihò kan fún bọ́tìnì kan, ó fá etí ihò kọ̀ọ̀kan títí ó fi jọ̀lọ̀. Ásrún gbé e lé kọ̀ǹpútà mi, ó wọlé wẹ́kú. Ẹgbẹ́ obìnrin abúlé ló ra kọ̀ǹpútà fún èmi àti Ásrún, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, oríṣi kan náà sì ni méjèèjì. Tiẹ̀ ni bàbá ẹ̀ fi wọn igi. Kò sí ihò níbi bọ́tìnì igun ìsàlẹ̀. Igi bo pátákó ọfà pátápátá.

Àwọn ìwé kan wà nísàlẹ̀ àpótí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin, àwọn àkọsílẹ̀ ìpàdé tí mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé lẹ́yìn àìsàn mi rèé, àwọn tí lẹ́tà wọn ń ki tó sì ń wọ́. Gbogbo abúlé ló fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Steinvör ń jágbe mọ́ àwọn èèyàn lórí ọ̀rọ̀ kéèkì. Hallbjörn ti fi pẹ́ńsùlù yí ibi àṣìṣe kọ̀ọ̀kan po. "Ibí yìí: ìdí ọwọ́ òsì, bọ́tìnì igun." "Ibí yìí: ọwọ́ ọ̀tún gbọ̀n kọjá lórí pátákó ọfà." Ogójì ọdún ló fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe, ohùn ló fi ń mọ ibi tó bàjẹ́. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ní ẹ̀yìn èyí tó kẹ́yìn, ó kọ ọ́ pé: "Sinmi ọwọ́ lórí igi, kò ní ṣe nǹkan kan. Má lo ìwé ọlọ́ṣọ̀ọ́ yẹn mọ́. Lo ojú ìwé lásán, èyí tí kò mọ kíki, tí kò mọ wíwọ́."

Ó tán. Kò kí mi, kò fọwọ́ sí i. Inú tún bí mi, lọ́jọ́ yẹn gan-an, pẹ̀lú òkú nílẹ̀. Ásrún ṣí ojú ìwé lásán náà fún mi. Mo sinmi ọwọ́ lé igi, mo sì tẹ̀ ẹ́ pé: "Hallbjörn, olórí kunkun ni ẹ́, o ò tiẹ̀ lè kí mi."

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán. Mo wò wọ́n títí. Mo wá wá bọ́tìnì ìparẹ́. Ihò wà níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ti fi ègé igi dí i pa.

"Ásrún, bàbá ẹ ṣèèṣì dí ọ̀kan."

"Kò ṣèèṣì. Ó ní tí ìka yín bá pẹ́ lórí ẹ̀, á jẹ odidi ìlà tán. Ẹ jẹ́ kí n yọ igi náà, kí n bá yín pa á rẹ́."

Aago ti kọjá mọ́kànlá. Ìmọ́lẹ̀ aró yẹn ti ń di funfun lójú fèrèsé.

"Fi sílẹ̀," ni mo wí. Mo ní kó lọ se kọfí, mo sì ń bá a lọ: "Olórí kunkun lèmi náà."

Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde. Ìka mi ń bọ́ sínú ihò, ó ń jáde, ara mi fúyẹ́, ó dà bíi pé mo tún wà nínú ọkọ̀ kékeré ìgbà yẹn, tí mi ò sì gbọn ọkọ̀ mọ́. Mo sọ fún un pé àwọn pẹ́pẹ́yẹ padà wá lọ́dún kejì, wọ́n tiẹ̀ pọ̀ sí i. Mo sọ fún un pé gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lójú òkun ni mo máa ń dìde lọ sójú fèrèsé, tí mo ń ka ìró ẹ̀ títí á fi gúnlẹ̀. Mo ní mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún mi gbọ̀n, igi ló gbọ̀n lé. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni Ásrún fi ránṣẹ́ fún mi. Kò kà á. Mo rí i pé ó yí ojú ẹ̀ sí ògiri.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n kà á nídìí kọfí lẹ́yìn ìsìnkú. Ìyàwó àlùfáà bú sẹ́rìn-ín níbi ìlà àkọ́kọ́, nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó ń wá áńkáṣíìfù. Ẹnì kan ní, "Steinvör, lẹ́tà rẹ mà tò lọ́tẹ̀ yìí!" Mo ní Hallbjörn ló tún un ṣe.

Nígbà tí mo délé, mo yọ pátákó náà kí n lè nu ẹ̀rúnrún kéèkì tó bọ́ sínú ihò ẹ̀. Mo yí i padà. Pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́ sí abẹ́ ẹ̀, ibi tí ẹni tó ń tẹ̀wé kò lè rí: "Steinvör, bó o bá ti lè fi èyí kọ̀wé, èmi ni kó o kọ́kọ́ kọ ọ́ sí."

Òun náà ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, lóòótọ́. Oṣù mẹ́wàá ni mo fi pẹ́.