Ibi Tí Bàbá Wa Rìn Dé Nínú Ìwé

Ọjọ́ tí Ọ̀jẹ̀wálé ra abọ́ tí kò ṣeé jẹun nínú rẹ̀, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa gbogbo agboolé wọn ní Bẹ́yẹrúnká.

Gbàǹjo ló lọ. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, wọ́n ń lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo. Ọ̀jẹ̀wálé mi àpótí onírin kan wò, ó wúwo. Ó gbé etí lé e, ó gbọ́ "kọ̀ọ̀", ó ní abọ́ tánńganran ni, kò tún sí nǹkan mìíràn tí í dún bẹ́ẹ̀. Àpótí ò ní kọ́kọ́rọ́. Ó rà á bẹ́ẹ̀, ó gbé e karí, nígbà tí yóò fi kọjá Bẹẹrẹ, ọrùn rẹ̀ ti wọ inú èjìká bíi ti ìjàpá. Wọ́n fi òòlù ṣí i. Àgbékẹ́, ìyá rẹ̀, ti na ọwọ́ kó lè kọ́kọ́ mú abọ́ tirẹ̀. Ìwé ló kún inú rẹ̀. Ìwé lókè, ìwé nísàlẹ̀, ìwé láàárín. Kódà èyí tó dún "kọ̀ọ̀" yẹn, ìwé tí èèpo rẹ̀ le ni.

"Ọmọ mi," ni Àgbékẹ́ wí, "ṣé inú èyí la ó máa bu ọbẹ̀ sí?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín àfi Bàbá Oyèdélé, baba Ọ̀jẹ̀wálé, tí í ṣe olórí agboolé. Òun wo àpótí náà bí ẹni tó rí ejò lábẹ́ ẹní. "Òyìnbó kì í kọ nǹkan sílẹ̀ kó má di wàhálà fún ẹni tí kò kọ ọ́," ó ní. "Àgbékẹ́, ọṣẹ lo ń tà. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, kó wọn lọ sí Ọjà'ba, kí o máa fi wọ́n wé ọṣẹ fún oníbàárà. Ṣebí ìwé lorúkọ rẹ̀? Kó máa wé."

Adéyẹ́misí, ìyàwó Ọ̀jẹ̀wálé, ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó tán lẹ́nu wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù ló ti dàgbà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọ ilé yìí níyàwó, ojú rẹ̀ kò tíì kan lẹ́tà kan. Ẹni tí ebi ń pa mọ ibi tí ebi wà. Ní ti Adéyẹ́misí, inú ẹyinjú ni.

"Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa wò wọ́n títí ọjọ́ ọjà."

"Wíwò kì í dín ìwé kù," ni Bàbá Oyèdélé dáhùn. "Wò ó. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà kì í yẹ̀."

Ọ̀jẹ̀wálé padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ ní Òṣogbo ní kùtù ọjọ́ kejì, ìtìjú ló sìn ín débi ọkọ̀. Ó ku ìyàwó, ó ku àpótí.

Ọyẹ́ ti bo Òkè Mápó mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí ẹni da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Adéyẹ́misí jókòó ti àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yọ ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn wọn dà bíi ti aṣọ tí àgbàlagbà kan ti ká pamọ́ tipẹ́, tó ń retí ọjọ́ tí yóò wọ̀ ọ́. Ìwé a-bí-dí kan wà níbẹ̀ tí àwòrán ajá àti bàtà wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọdé ilé gbà á, wọ́n ń gbó mọ́ ajá náà títí ajá gidi fi wá wo ẹni tó ń pè é. Èyí tó sọ nípa ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀. Adéyẹ́misí tí kò tíì bímọ kà á díẹ̀, ó pa á dé, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìwé àlọ́, ìwé bí a ṣe ń gbin kòkó, ìwé àdúrà àwọn arúgbó tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bí ẹyọ ẹ̀wà. Gàníyù onígbàjámọ̀ yà wọlé láti fárí fún Bàbá, ó rí ọ̀kan tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, ló bá lọ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kàn án. Àgbékẹ́ tó ní òun kò rí tiwọn rò ló wá di èyí tó kún fún àwòrán ẹyẹ mú. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹyẹ ìlú òyìnbó mà jọ àdán o," ó ní. "Orí ní í fi sùn."

"Ìyá, ẹ dorí ìwé náà kodò ni."

"Ìwọ dákẹ́. Ẹyẹ náà ò sọ pé kò rọ òun lọ́rùn."

Lójú Adéyẹ́misí, àfi bíi pé ìlú kan ló wà nínú àpótí yẹn, tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ti jí, wọ́n ń na ara. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti rí èyí tó mú un lọ́kàn jù: ìtàn arìnrìn-àjò kan, ní èdè Yorùbá. Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sábẹ́ igi ọdán, tilé-tọ̀nà pé jọ, ó ṣí i.

"Ní ìgbà kan," ó kà á, "ọkùnrin kan wà, orúkọ rẹ̀ ni..."

Ó dúró. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Oyèdélé.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹbí ọkọ. Ọmọ tó ń rá kòrò pàápàá, bó bá ti ṣáájú ìyàwó dé ilé, ìyàwó á wá orúkọ mìíràn pè é. Áńbọ̀sìbọ́sí baba ọkọ, tó wà lẹ́yìn ilé níbẹ̀, tí Gàníyù ń fárí fún! Àwọn ènìyàn ń wo ẹnu rẹ̀. Kó tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti sọ èyí tó mọ́ ọn lára.

"...orúkọ rẹ̀ ni Bàbá wa."

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀yìn ilé. Kò sí Bàbá wa méjì ní agboolé náà.

"Bàbá wa wọ ọkọ̀ ojú omi," ni Adéyẹ́misí ń kà lọ, òógùn ń bọ̀ lójú rẹ̀. "Bàbá wa fi àjẹ̀ lé ọ̀ọ̀nì sẹ́yìn. Bàbá wa gúnlẹ̀ sí ìlú kan tí wọ́n ti ń ta oorun lọ́jà, tí wọ́n ń fi igbá wọ̀n ọ́n."

Lẹ́yìn ilé, abẹ Gàníyù dúró. Kò pẹ́, Bàbá Oyèdélé yọ sí wọn, apá kan orí rẹ̀ ń dán, apá kejì ṣì dúdú pẹ̀lú irun. Adéyẹ́misí mọ̀ pé àpótí ti lọ nìyẹn, bóyá òun náà ni yóò tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá Oyèdélé jẹ́. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sójú ogun, òun ni wọ́n fi ṣọ́ ilé. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣòwò lọ sí Ìjẹ̀bú, òun ni wọ́n fi ṣọ́ ilé. Arúgbó náà kò tíì kọjá Mọ́lété létí ìlú rí.

Ó wo ìyàwó. Ó wo ìwé. Ó fa àpótí ìjókòó kan.

"Èló," ó bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ni mo ra oorun náà?"

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ilé ti yí padà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, Bàbá Oyèdélé á kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó tutù. Ó ní òun ń gbọ́ ìró omi lábẹ́ ibùsùn. Gàníyù wá parí irun, ó kí i pé, "Ẹ kú ewu omi, Bàbá," Bàbá sì dáhùn pé ọpẹ́ ni, ìgbì náà kò kéré. Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ọjọ́ ọjà lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Adéyẹ́misí ń kà títí dé ìrọ̀lẹ́ tí ìjì jà lójú òkun.

"Ọkọ̀ dojú dé. Bàbá wa na ọwọ́ sókè, ó..."

Ó ṣí ojú ewé. Kò sí ojú ewé mọ́.

"Mo ṣe kí ni?" ni Bàbá Oyèdélé bèèrè.

Gbogbo wọn wo Àgbékẹ́. Àgbékẹ́ wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fi wé ọṣẹ. Ẹ̀yìn nìkan ni mo sì ya, níbi tẹ́ ẹ ò tíì dé. Mo rò pé ẹnikẹ́ni ò tíì lò ó."

Bàbá Oyèdélé dìde, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò. "Ẹ mú mi dé àárín òkun, ẹ fi mí síbẹ̀. Bí ìwé yìí kò bá mú mi délé kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀, iná ni n ó fi sí àpótí náà, tòun tẹyẹ, tòun tàlọ́."

Ní kùtù, Adéyẹ́misí àti Àgbékẹ́ wá ìwé kiri. Ní Ọjà'ba, wọ́n ní oníbàárà ti sọ tiwọn nù. Ẹnìkan ní ewúrẹ́ ló jẹ tòun. Ó ku oníbàárà kan, Kúlúsúmù, aya alágbẹ̀dẹ kan ní Àrẹ̀mọ. Wọ́n bá a ní balùwẹ̀, ọṣẹ bò ó títí dé ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìwé tó wé ọṣẹ yín dà?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣan ojú kẹ̀," ni Kúlúsúmù wí. "Ṣé ìwé ló tún ń fọ ara ni?"

Ó nawọ́ ohun kan sí wọn lókè ògiri. Ó rọ̀, ó dúdú, ọṣẹ ti jẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ tán àfi ẹyọ kan.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n padà délé. Bàbá Oyèdélé dúró ti àpótí, ògúnná wà nínú àpáàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adéyẹ́misí kúnlẹ̀, ó tẹ́ ìwé náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan náà ń wò ó: Oyèdélé.

"Kà á," ni Bàbá wí.

Ó la ẹnu. Ó pa á dé. "N kò lè kà á, Bàbá wa."

"Mo ti kú nìyẹn?"

Adéyẹ́misí tún wo ọ̀rọ̀ náà, ó wò ó bí ẹni ń wo obì, títí ó fi rí ibi tó ti là.

"Ìwé ní... oyè ti dé, Bàbá wa."

"Ó dé ibo?"

"Ó dé ilé."

Bàbá Oyèdélé ń mi ètè, ó ń so èyí mọ́ ìyẹn. Oyè. Ó dé. Ilé. Ó so ó tán, ó tún un so. Lójijì ó fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀.

"Ìyàwó, orúkọ ta lo ń bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Adéyẹ́misí dojú bolẹ̀.

"Èmi rò pé ò ń fi Bàbá wa pọ́n mi lé lásán ni," ni arúgbó náà wí, ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. "Àṣé èmi gan-an ló lọ." Ó fi ẹsẹ̀ ti àpáàdì iná sí ọ̀nà ìdáná. "Àpótí yìí kò ní lọ ibì kankan. Láti òní lọ, bí ìwé bá ṣí, kí o máa pe orúkọ bó ṣe wà. Bó bá ti pa dé, kí ẹnu rẹ náà pa dé."

Ewé gbòdògì ni Àgbékẹ́ padà fi ń wé ọṣẹ. Ó ní ọ̀rọ̀ ìwé kò kan òun, àwọn tó ń lọ sókun ló kàn, òun ní ọjà í tà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó jókòó jìnnà sí wọn, ó ń bu ọṣẹ, ó kẹ̀yìn. Adéyẹ́misí ṣí ìwé àlọ́.

"Ní ayé àtijọ́," ó kà á, "obìnrin kan wà, orúkọ rẹ̀ ni..."

Ó dúró. Ó gbé ojú sókè díẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ìyá ọkọ rẹ̀.

Àgbékẹ́ gbé ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó yípo.

"Níbo lèmi lọ?"