Ọkọ̀ Bàbá Mi Gbó

Bísí, jẹ́ kí n rọ́ àlá tí mo lá lóru àná fún ọ kí n tó gbàgbé. Ṣé o mọ ọkọ̀ onígbòkun tí bàbá mi fi sílẹ̀, tí mo ń wá ẹni tó máa rà á? Ẹlẹ́ńjìnnì ni gbogbo ayé ń fẹ́ báyìí. Bọ̀ọ̀dá Láńre àdúgbò wa sì ń sọ fún gbogbo oníbàárà mi pé ọkọ̀ náà ti gbó, kóun lè rà á lówó pọ́ọ́kú.

Lójú àlá, inú pálọ̀ wa ni ọ̀sà wà. Bọ̀ọ̀dá Láńre fẹsẹ̀ ta ọkọ̀ náà, ó ní, "Àbúrò, nǹkan yìí ti gbó." Ni ọkọ̀ bá gbó lóòótọ́, bí ajá. Ìgbòkun rẹ̀ nà ṣánṣán bí etí, ọkọ̀ sì ń lé Bọ̀ọ̀dá Láńre káàkiri àga.

"Àbúrò, bá mi pè é."

"Ẹ má bínú, bọ̀ọ̀dá mi. Ó ti gbó, kì í gbọ́ràn mọ́."

Mo jókòó, mo ń wòran. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù ara mi bà mí, àfi bíi pé mo ti kórìíra rẹ̀ tipẹ́ láìmọ̀. Kí ọkọ̀ tó bù ú jẹ ni mo jí, ìyẹn ló sì ń dùn mí láti àárọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Láńre ní òun ń bọ̀ wá ná an lọ́sàn-án òní. Kí ọkọ̀ náà jẹrà sétí omi ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí n tà á fún un lọ.