Àgùntàn Kan Ṣoṣo

Àwẹ̀ ọdún tí ìjọba kó gbogbo mọ́tò sí ọwọ́ ọ̀tún títì ni. Àdìjátù ti ibi tó ti ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Sandgrouse dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bá ẹrù rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹní, àpótí aṣọ, títí kan kẹ́tùlù tó fi ń ṣe àlùwàlá, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹrù ẹni tó kú. Àgádágodo tuntun ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

Jíbrílù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣe é. Gbogbo ilé tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ọwọ́ Jíbrílù ló wà, ó sì tún kọ́ òmíràn sí Obalende. Yàrá kan yìí péré ni bàbá fún Àdìjátù níṣojú ẹbí, nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú tó padà wálé.

"Ibo ni kí n máa sùn, Bọ̀dá?"

"Lọ sùn sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Mo fẹ́ fi yàrá yẹn kún pálọ̀ ìyàwó mi." Jíbrílù ò tiẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń yí rédíò.

Àdìjátù gba ọ̀dọ̀ Àáfà Sùlè, tó ń ṣe wáàsí fún àdúgbò wọn, lọ. Àáfà gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"Ṣe sùúrù, Àdìjá. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Má jẹ́ kí Ṣàítánì ráàyè nínú àwẹ̀ rẹ."

Inú bí i. Ó mọ̀ pé ilé Jíbrílù ni oúnjẹ sààrì Àáfà ti ń wá.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n tẹ́ ẹní síwájú ilé Jíbrílù fún wáàsí bí wọ́n ti máa ń ṣe. Jíbrílù jókòó níwájú pátápátá, ó fi tẹ̀sùbáà kọ́ ọwọ́. Àáfà Sùlè ń sọ ìtàn Ànábì Dáúdà, ọba àwọn ọmọ Ísírẹ́lì. Ó ní àwọn méjì kan pọ́n ògiri wọlé tọ̀ ọ́ níbi tó ti ń jọ́sìn. Ọ̀kan ní, "Arákùnrin mi yìí ní agbo àgùntàn, ẹyọ kan ṣoṣo ni tèmi, ó ní kí n mú un wá."

"Ìkà gbáà ni," ni Jíbrílù wí. Àwọn èèyàn ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àdìjátù dìde láàrin àwọn obìnrin.

"Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ̀ ń bá wí?"

"Àdìjá, jókòó," ni Jíbrílù wí.

"Mi ò jókòó, Bọ̀dá. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹjọ́ yìí. Agbo àgùntàn wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹyọ kan tèmi. Àáfà mọ̀, ó ní kí n ṣe sùúrù. Àwọn tó lọ bá Ànábì ò ṣe sùúrù lẹ́nu ọ̀nà, ògiri ni wọ́n pọ́n."

Àáfà pa Kùránì dé.

"Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo ń bẹ̀rù."

Ìtàn náà ní nígbà tó yé Dáúdà pé òun ni Ọlọ́run fi ẹjọ́ náà dán wò, ó dojúbolẹ̀, ó sì ronú pìwà dà. Jíbrílù ò dojúbolẹ̀. Ó dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀, ó wọlé lọ. Bàbá Mọ̀núrù, àbúrò bàbá wọn, ló tẹ̀ lé e wọlé. Ohùn wọn ròkè, ó tún wálẹ̀. Nígbà tí Bàbá Mọ̀núrù jáde, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló bá Àdìjátù gbé àpótí rẹ̀ wọlé.

Jíbrílù ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ilé ní kó lọ bẹ̀ ẹ́, pé oṣù ìdáríjì la wà. Àdìjátù ní ẹ̀bẹ̀ wo? Ojoojúmọ́ láti ọjọ́ tó ti bá ẹrù rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń tọrọ pé kí Ọlọ́run rọ ọkàn ẹ̀gbọ́n òun, tó ń pa ẹnu tirẹ̀ mọ́, tó ń pe ìyẹn ní ìgbàgbọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà, ó ṣínu nínú yàrá rẹ̀, ó kírun, ó tẹ́wọ́ sókè.

"Olúwa, mi ò tíì dárí jì í. Inú ṣì ń bí mi. Ìwọ ni mo sọ fún, torí Ìwọ ni mi ò lè purọ́ fún."

Ó fi ọwọ́ pa ojú, ó sì ká ẹní ìkírun rẹ̀.