Igi Ogún Tí Ọ̀bẹ Fá

Bí Namori ṣe lu igi kẹta báyìí, Baba Keletigi gbé ọwọ́ kúrò lórí bálá tirẹ̀, ohun èlò orin onígi tí wọ́n ń fi ọ̀pá lù.

"Tún un lù."

Ó tún un lù. Ohùn igi náà já geere, ó dùn, ṣùgbọ́n ibi tó gbà kọ́ ni ti bàbá gbà. Bálá méjèèjì dojú kọra lábẹ́ igi máńgòrò bí ọmọ ìyá méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn mọ́.

Láti Konakri ni Namori ti gbé obì mẹ́wàá wá sí Siguiri láti tọrọ Saran, ọmọ Baba Keletigi, akọrin ẹgbẹ́ olórin wọn, tí ẹ̀rín rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó sùn. Baba Keletigi kò béèrè ilé, kò béèrè mọ́tò. Ó ní kí àwọn jọ lu orin ìdílé kan ṣoṣo.

"Ẹ wo ọmọ ajẹ̀wà yìí," ni àgbàlagbà kan wí, bí ìdílé méjèèjì ṣe máa ń fi ẹ̀wà bú ara wọn ṣeré, "ẹ̀wà ti dí i létí." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá nìkan ni kò rín.

"Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Saran, bálá yìí ni bàbá rẹ fi bá mi lù. Kí lo fi ṣe é?"

Namori wolẹ̀. "Mo fá a, Baba. Kí ohùn rẹ̀ lè bá ti gìtá mu."

Kò sọ pé Saran ló bá òun di igi mú lọ́jọ́ náà, tí ìyẹ̀fun igi bà lé ìpéǹpéjú rẹ̀, tí òun sì kọ́kọ́ pè é ní olólùfẹ́. Ẹgbẹ́ wọn fẹ́ kí orin àtijọ́ wọ aṣọ tuntun. Ogún igi ló fá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé ìfẹ́ lòun ń gbẹ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀ kò ṣeé kó. Ta ló wí fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni igi tí a bá ti fá?

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wá òmíràn, Baba."

"Òmíràn kọ́ ni mo mọ̀." Bàbá rọra ti obì náà padà sí i. Kò bínú, ìyẹn gan-an ló dun Namori jù.

Wọ́n pe Saran kí ó wá parí orin náà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Namori sáré lu ohùn tó ti fi ń gbé orin fún un láti ọdún mẹ́ta. Bàbá náà lu tirẹ̀. Saran la ẹnu. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ó sì bà lé ti bàbá, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ọmọ lẹ́yìn ìyá. Kò ṣi ibì kankan.

Namori gbé ọ̀pá lé itan. Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé ní gbogbo ọdún mẹ́ta yẹn, àlejò ni Saran nínú orin tuntun àwọn. Òun Namori nìkan ló ti kó kúrò nílé orin àwọn bàbá wọn.