Ohùn Inú Agolo

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní 1971, wọ́n gbé mi láti Òṣogbo lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà, sí wọ́ọ̀dù àwọn àgbà obìnrin tí orí wọn dàrú. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo sọ pé ọ̀rẹ́ mi Àdíját ń bá mi sọ̀rọ̀ láti inú agolo.

Òótọ́ sì ni. Agolo mílíìkì méjì ni, a fi okùn so wọ́n pọ̀ láti fèrèsé wa dé tiwọn. Ṣùgbọ́n ìyá Àdíját ló ni mílíìkì náà, àwa la sì mu ún láìjẹ́ kó mọ̀. Nígbà tí bàbá mi fi máa bi í, Àdíját ti já okùn, ó ti sọ agolo tirẹ̀ nù, ó ní òun kò mọ nǹkan kan. Bàbá mi gbé tèmi sétí. Kẹ́kẹ́ pa.

"Láìláà ílàláhù!" ni bàbá mi ké. "Ọmọ mi ti lọ."

Nọ́ọ̀sì Julianah ló gbà wá. Ìwé ìbéèrè tàwọn àgbàlagbà nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń kà á bó ṣe wà.

"Ọkọ rẹ ńkọ́?"

"N kò ní, mà."

"Ìgò ọtí mélòó lò ń mu lójúmọ́?"

Ẹ̀rín pa mí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ń rẹ́rìn-ín láìnídìí.

Bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tèmi ni ti Màmá Cecilia, ìyàwó olóko kòkó láti Ifẹ̀wàrà.

"Ọjọ́bọ̀ ọjọ́bọ̀ ni Dókítà Ọdúntán ń wá," ó ní. "Òun nìkan ló lè ní kí o lọ ulé. Tí o bá tún sọ̀rọ̀ agolo fún un, o ti di ará ibí nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, mà."

"Òótọ́ lèmi náà ń sọ kí n tó débí. Kí lo fẹ́ lò láti fi hàn án?"

Ó tọrọ agolo tòmátò méjì nílé ìdáná. Òkúta àti ìṣó kan tó ti tú lára ilẹ̀kùn la fi dá ihò sí ìdí wọn. Ó ku okùn. Màmá wo yàrá yíká, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú dúdú tí wọ́n fi kó irun rẹ̀. A so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo ki òwú bọ ojú ihò, mo sì so ègé ìgbálẹ̀ mọ́ ọn nínú agolo kó má baà yọ.

Nígbà tá a kọ́kọ́ dán an wò, kò sọ̀rọ̀. Mo wò ó títí. Òwú fara kan irin bẹ́ẹ̀dì; ibẹ̀ ni ohùn ń kú sí. A gbé e sókè, a fà á kó le. Màmá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ nídìí fèrèsé.

Ọjọ́bọ̀ dé. Dókítà wo ìwé mi, ó mí kanlẹ̀.

"Mùínàt, ṣé o ṣì ń gbọ́ ohùn nínú agolo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́."

Bóyá ó kàn fẹ́ tù mí nínú ló ṣe gbé agolo tí mo nà sí i sétí. Màmá ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú èkejì, irun rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ìbéèrè tí Dókítà máa ń bi gbogbo aláìsàn ni Màmá bi í láti inú agolo:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Láti ìgbà wo lẹ ti ń gbọ́ ohùn?"

Dókítà ta gìrì. "Ta ló sọ̀rọ̀ nínú agolo yìí?"

Nọ́ọ̀sì Julianah mú bírò. "Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, sà?"

Dókítà tẹ̀ lé òwú dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí bàbá ọmọ yìí wá mú un lọ."

Ó fẹ́ gbé agolo náà lọ fi han àwọn ọmọ rẹ̀ nílé. Òwú kò tẹ̀ lé e. Màmá Cecilia ti di èkejì mú gírígírí.

"Ẹyọ kan kì í sọ̀rọ̀, Dókítà. Tí ẹ bá fẹ́ èkejì, ẹ kọ orúkọ tèmi náà mọ́ ti ọmọ yìí, kí èmi náà lọ ulé."