Ulé Ìyá Ìbídùn

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ ìyá rẹ̀ pamọ́, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá àdúgbò máa bá a fi í pamọ́. Fọlárìn kò wo ìyẹn. Ó ti pẹ́ jù ní Èkó, ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan ní Ìkẹ́rẹ́.

Ìbídùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Ó wà ní Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì, ní ilé ọkọ rẹ̀, ó ń da oúnjẹ fún àwọn adìẹ rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ kékeré kan yà wọ inú ọgbà. Ọmọbìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ tòun ti kóòtù dúdú nínú oòrùn ọ̀sán yẹn, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé ẹ̀yin ni Ìbídùn tí wọ́n fi ń pe ìyá yín?"

Ìbídùn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Èmi ni. Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú mà. Mofẹ́olúwa lorúkọ mi, lọ́yà ni mí, láti Adó. Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì fẹ́ ra ilé ìyá yín ní Ìkẹ́rẹ́, òun ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Àbúrò yín ló ń tà á."

Háà! Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ìbídùn. Àwọn adìẹ ò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ya bo oúnjẹ.

Mofẹ́olúwa wá ṣàlàyé. Fọlárìn ti sọ fún un pé òun nìkan ni ìyá òun fi sáyé lọ. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó mọṣẹ́ kì í jókòó sí ọ́fíìsì bá èèyàn ra ilé; ó gbọ́dọ̀ dé àdúgbò, kó wádìí ẹni tó nilé. Nígbà tó dé Ìkẹ́rẹ́, ó ní kí ọlọ́kadà gbé òun lọ sí ilé Fọlárìn. Ọlọ́kadà ò mọ̀ ọ́n. Ó ṣàpèjúwe rẹ̀: ilé tí wọ́n kùn lọ́dà pupa, tó kọjú sí òkè Olósùnta, tó ní igi àgbálùmọ̀ níwájú. Ni ọlọ́kadà bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ulé Ìyá Ìbídùn lẹ ń wí! Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀."

Aládùúgbò tó bá pàdé níbẹ̀ náà pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnìkejì pè é bẹ́ẹ̀. Mofẹ́olúwa bá bi wọ́n pé, ta ni Ìbídùn? Wọ́n ní àkọ́bí ìyá tó nilé ni, pé ó wà nílé ọkọ ní Ìmẹ̀sí. Ẹ ò rí ayé? Fọlárìn ń fi èèyàn pamọ́, orúkọ èèyàn náà sì wà lórí ilé tó ń tà.

"Nígbà tí mo bi àbúrò yín," Mofẹ́olúwa ní, "ó ní obìnrin tó ti lọ ilé ọkọ ò ní nǹkan kan nílé ìyá rẹ̀ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìbídùn wọ eegun. Ó jókòó sórí àpótí. "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni òfin wí?"

"Rárá o, mà. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ lọmọ. Ilé tí ìyá fi sílẹ̀ láìpín, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ni ín. Ẹ̀yin sì ni àkọ́bí. Tí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, ẹjọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Fáníyì rà, kì í ṣe ilé."

"Ẹni tó bá ralé, ṣé gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ ló rà?"

"Gbogbo ẹ̀ ni mà. Igi, kànga, ògiri ọgbà. Àfi ohun tí ìwé bá sọ pé kò bá a lọ."

Ìbídùn tún bi í: "Sàréè ńkọ́?"

Ọmọ náà wolẹ̀. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ yẹn ni wọ́n sin ìyá wọn sí, Fọlárìn sì ti gbà kí wọ́n da kọnkéré lé e, kí ọkọ̀ àwọn oníbàárà Fáníyì lè rí ibi dúró sí.

"Ìyá mi," Ìbídùn ní, "lábẹ́ táyà?"

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wọ aṣọ òfì tó dáa jù nínú àpótí rẹ̀, ó gbọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ó bá wọn ní pálọ̀: lọ́yà, Fọlárìn, àti Fáníyì tó ti òkè òkun dé, tó fẹ́ fi ilé náà ṣe ilé oògùn. Fọlárìn dọ̀bálẹ̀ ìdajì. Ìbídùn kọjá lára rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga ìyá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mo rò pé…"

"Kí lo rò? O rò pé adìẹ ti ṣá mi jẹ tán ní Ìmẹ̀sí? Fọlárìn, orúkọ ta ni wọ́n fi ń pe ìyá ẹ?"

Fọlárìn ń wo bàtà rẹ̀. "Tiyín ni, mà."

"Ó tán." Ó yíjú sí lọ́yà. "Mi ò ní ká má tà á. Ilé tí kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀, alángbá ló ni ín. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síwèé pé sàréè Màmá àti ọ̀nà tó ti títì débẹ̀ ò sí nínú ohun tí a tà. A ta ulé, a ò ta Màmá."

Fáníyì dìde. Fọlárìn di orí mú, ó rò pé ọjà ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n Fáníyì kò lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jáde," ló wí.

Ó mú wọn dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀. Koríko ti ga dé orúnkún lórí sàréè náà. Èèyàn ò lè rí orúkọ kà.

"Mi ò bẹ̀rù òkú," Fáníyì ní. "Àwọn alààyè ni mò ń bẹ̀rù, àwọn tó máa ní ìyá àwọn ò ṣeé tà, tí wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kí èmi máa ro ó."

Ojú ti Ìbídùn gidigidi. Òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ. Ó ṣán aṣọ òfì náà mọ́ ìdí, ó yá àdá lọ́wọ́ aládùúgbò, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ yín!"

"Aṣọ ni. Wọ́n á fọ̀ ọ́."

Fọlárìn wò ó títí. Ló bá bọ́ bàtà Èkó rẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó ń fi ọwọ́ fa koríko. Kò sẹ́ni tó rán an. Nígbà tí wọ́n dé ibi òkúta, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ún, lẹ́tà sì yọ: Deborah, Ìyá Ìbídùn. Omi dà lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ṣẹ̀ yín," ló wí. "Ẹ forí jì mí."

"Mo ti gbọ́. Fa èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn."

Fáníyì ń wò wọ́n. "Lọ́yà, kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí," ló sọ níkẹyìn. "Kí o sì kọ ọ́ pé àwọn ni yóò máa ro ó."

"Kọ ọ́," Ìbídùn ní láìgbórí sókè. "Kí orúkọ mi sì ṣáájú ti Fọlárìn."

Láti ìgbà náà, kì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá kó má dé Ìkẹ́rẹ́. Ní oṣù tó kọjá, ó bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì tòun ti ọkọ́ rẹ̀ nínú àpò. Pátákó ńlá ti wà lára ilé náà báyìí, orúkọ Fáníyì ló sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ó ní kí ọlọ́kadà kan gbé òun lọ sí ilé oògùn Fáníyì.

Ọkùnrin náà họ orí. "Ilé oògùn Fáníyì?" Ó ronú díẹ̀. "Àbí èyí tó wà ní Ulé Ìyá Ìbídùn?"

Ìbídùn gun ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó jókòó dáadáa, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ ṣánṣán.

"Ibẹ̀ náà ni," ló wí. "Èmi ni Ìbídùn."